Alákàn Kò Fi Imú Tẹ Fóònù

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Alákàn akọ̀wé tí ń gbé ihò etí odò, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, ó sì dá lórí gbogbo ẹranko ìlú tó ní fóònù lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé níbo ni ẹranko ti rí owó fóònù. Ibi tí ẹ̀yin ti rí tiyín ni wọ́n ti rí tiwọn. Ègbè àlọ́ náà kò le: bí mo bá ti dá orin Alákàn, "Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́" ni kí ẹ máa gbè. Ẹni tí fóònù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó gbé e sílẹ̀ ná. Ọwọ́ méjì la fi ń pàtẹ́wọ́.

Ní ìlú àwọn ẹranko, ìgbà kan wà tí wọn kì í kí ara wọn pé ẹ káàárọ̀ mọ́. Bí Ẹlẹ́dẹ̀ bá pàdé Àgbò lójú ọ̀nà oko, ohun tí yóò kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Kí ni pin rẹ?" BlackBerry ló wọ̀lú. Ọdún 2011 ni mò ń wí o. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó àti Ìbàdàn nígbà náà kò lè pè mí ní onírọ́, àìsàn kan náà ló ṣe yín. Ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Waterloo, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ló gbé fóònù yìí jáde. Àwọn tó ń gba lẹ́tà iṣẹ́ lójú ọ̀nà ni wọ́n ní lọ́kàn: lọ́yà, òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀gá báńkì. Nígbà tí Obama di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 2009, tí wọ́n ní kó fi tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí ààbò, ó kọ̀ jálẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀ṣọ́ ni a fi ṣe. Fóònù kọ̀ọ̀kan ní pin tirẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ tí wọ́n pò mọ́ra, ẹni tí kò bá sì ní pin, kò sí nínú ìlú. Àwọn onífíìmù pàápàá kò gbẹ́yìn, wọ́n ṣe BlackBerry Babes.

Ewúrẹ́ ta èèbù tó fẹ́ gbìn kí ó tó rí ọ̀kan rà. Pẹ́pẹ́yẹ ra tirẹ̀ tán, kò rówó oṣù san, síbẹ̀ ó ń gbé e káàkiri nítorí iná pupa kékeré tó máa ń ṣẹ́jú lókè orí fóònù náà. Ó ní kí wọ́n ṣáà máa rí iná. Ajá ní tirẹ̀ máa ń yá ti Àgbò ní ìrọ̀lẹ́, á dúró sẹ́bàá ọ̀nà níbi tí àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ yóò ti rí i dáadáa, á máa tẹ fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti kú láti àárọ̀.

Alákàn nìkan ni kò ní tí kò sì yá. Bẹ́ẹ̀ akọ̀wé ìlú ni. Òun ní ń kọ ìwé àjọ fún Ìyálọ́jà, òun ní ń kọ lẹ́tà fún àwọn tí ọmọ wọn wà lókè òkun, òun náà ní ń ka èsì sí wọn létí. Wọ́n ní kí ló dé tí odidi akọ̀wé kò ní BlackBerry. Ó ní bí alákàn ṣe ń fojú ṣọ́rí lòun ń ṣe, pé ariwo nǹkan náà ti pọ̀ jù, òun ń dúró kí ariwo lọ kí òun lè rí fóònù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àgbò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ará oko!" ni wọ́n ń pè é láti ọjà dé odò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sápò, a ó tún lò ó.

Ìjàpá ló kó gíláàsì wọ̀lú. Ó rin ìrìn àjò, ó pẹ́, nígbà tó sì máa dé, àpótí kún orí ọmọlanke. Fóònù tó wà nínú wọn pẹlẹbẹ, kò ní bọ́tìnnì kankan, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ra ojú rẹ̀. Ìjàpá gun òkìtì àárín ọjà, ó dá orin, àwọn ọmọ tó ti fún ní àkàrà sì ń gbè é:

Ẹ wá rà á, kí ẹ rà á,
*Ó ń dán!*
Kò ní kókó, kò ní gànmùganmu,
*Ó ń dán!*
Oníbọ́tìnnì, ará àná,
*Ó ń dán!*
Ẹni bá pẹ́ yóò bá òfo,
*Ó ń dán, ó ń dán!*

Kí ọjà tó tú, gíláàsì ti tán. Àwọn BlackBerry tí wọ́n ta èèbù rà, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n kó wọn dà sí. Àwọn ọmọ Òkété fi wọ́n ṣe àdògán, wọ́n ń gbé ìkòkò kà á.

Wàhálà kan ṣoṣo ló wà nídìí gíláàsì: kì í gbọ́ èékánná. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé iná mànàmáná díẹ̀, tí kò lè pa eṣinṣin, wà káàkiri ojú rẹ̀. Ara tó bá ní omi nínú, bó bá ti kàn án, a máa fa díẹ̀ lára iná náà, ibẹ̀ ni fóònù ti ń mọ ibi tí wọ́n fọwọ́ kàn. Èékánná kì í fà á. Pátákò kì í fà á. Ìwo àti àgógó ẹyẹ kì í fà á. Nínú gbogbo ìlú, Ọ̀bọ nìkan ló ní ìka tó rọ̀. Ọ̀bọ ni wọ́n wò nígbà tí wọ́n ń ṣe fóònù náà, ṣùgbọ́n Ìjàpá kò fi ìyẹn sínú orin.

Ewúrẹ́ dé ilé, ó fi pátákò kan gíláàsì: kò. Ó tún kàn án: kò, kò, kò. Gíláàsì ń wò ó. Ó sáré padà lọ bá Ìjàpá, ó ní ayédèrú lo tà fún mi. Ìjàpá ní, "Ìyá Ewúrẹ́, ẹ má bínú. Ẹ fi imú ṣe é." Ewúrẹ́ tẹ̀ ba, ó fi imú tútù kan ojú rẹ̀, gíláàsì ṣí gbayawu. Ariwo sọ! Lójú ẹsẹ̀, gbogbo ìlú ti fi imú lélẹ̀. Àgbò fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ìwo rẹ̀ ti kọ́kọ́ gúnlẹ̀ kí imú tó dé ibẹ̀, ó ní láti gbẹ́ kòtò méjì síwájú ilé rẹ̀ tí ìwo yóò máa wọ̀ bí ó bá fẹ́ pe aya rẹ̀. Àkùkọ kò ní imú tó tó nǹkan, ogbe rẹ̀ ló ń dorí kodò fi tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì dà sí i lójú. Ti Ẹlẹ́dẹ̀ ló burú jù. Imú rẹ̀ fẹ̀, ibi mẹ́ta ló ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fẹ́ kí Ìyá Ìbejì kú ewu ọmọ, ohun tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì ni owó ilé ọdún kan tí Ẹlẹ́dẹ̀ kò mọ̀ pé òun ti fi ránṣẹ́. Ìyá Ìbejì ní ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín.

Láìpẹ́, bí ẹ bá wọ ìlú ẹranko ní òwúrọ̀, ìdí nìkan lẹ ó máa rí lókè. Ọ̀bọ á kọjá, á fi ìka kan tẹ tirẹ̀ lórí ìrìn, á máa súfèé. Ẹ bi àwọn tó kù pé báwo ni, wọ́n á ní ìrọ̀rùn ti dé, wọ́n á fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn mú.

Ẹni tó jọ bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n ra gíláàsì fún ni Àwòdì. Láyé oníbọ́tìnnì, Adìẹ a máa fi èékánná wá bọ́tìnnì kí ojú rẹ̀ máa wo òkè. Gíláàsì kò ní ohun tí èékánná lè wá, bí ojú kò bá sí lórí rẹ̀, ọwọ́ ti ṣìnà. Nítorí náà ojú gbogbo ìlú wà nílẹ̀. Àwòdì gbé òròmọdìẹ ní àárọ̀, ó gbé ní ọ̀sán, ó gbé ní alẹ́ títí ó fi sanra tí kò lè fò dáadáa mọ́. Adìẹ á gbórí sókè, á ka ọmọ, á rí i pé kò pé, á sì tún dorí kodò láti lọ kọ ọ́ síta fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ẹ bá òun kẹ́dùn.

Nígbà tó di ọdún 2015, tí ẹni tó ń ta BlackBerry lọ́jà ku ẹyọ kan, Alákàn jáde nínú ihò. Ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn gba àárín èrò kọjá, ó lọ ra BlackBerry Classic, irú èyí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2014. Àgbò gbé ìwo kúrò nínú kòtò nítorí àtiwò ó. "Akọ̀wé! Ìgbà tí gbogbo ayé ń jáde ni ìwọ ń wọlé?"

Alákàn ní, "Ẹnu ọ̀nà kan náà ni."

"Ará oko!" Wọ́n tún sọ ọ́. Ẹnu tó pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò ní, ẹnu náà ló pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tó ní. N kò rí ẹnì kan nínú wọn tó rántí.

Ohun tí Alákàn rà nìyí. Ìlàjì ojú fóònù náà ni bọ́tìnnì, ìdajì tó kù ni gíláàsì onígun mẹ́rin. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ga díẹ̀ ní apá kan, ó lọ sílẹ̀ ní èkejì, tí èékánná fi lè mọ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ láìwò ó. Bí ó bá fẹ́ fèsì lẹ́tà, R ni yóò tẹ̀. Bí ó bá fẹ́ lọ sí òkè pátápátá, T. Ìsàlẹ̀, B. Bí ó bá tẹ àlàfo lẹ́ẹ̀mejì, àmì ìdánudúró ti wọlé. Lẹ́tà iṣẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́, ìpè tí kò gbọ́, ojú kan ni fóònù kó gbogbo wọn jọ sí. Ìyálọ́jà á jókòó sórí àpáta, á máa pe orúkọ àwọn tó dájọ: Ìgbín, ọgọ́rùn-ún márùn-ún, Òkété kò tíì san, Ẹ̀tù san ti ọ̀sẹ̀ méjì pọ̀. Kí ó tó mí, Alákàn ti kọ ọ́. Ìka Alákàn egungun ni, kò sí gíláàsì tó lè gbọ́ ọ láyé, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì kì í béèrè bóyá egungun ni tàbí ẹran. Ojú rẹ̀ méjèèjì sì nà sókè lórí igi wọn, wọ́n ń wo sánmà. Ó wá dá orin:

Mo tẹ A, ó dáhùn,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*
Mo tẹ B, ó dáhùn,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*
Ọwọ́ mi ń kọ̀wé nísàlẹ̀,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*
Ojú mi ń ṣọ́ òkè lọ́hùn-ún,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*
Àwòdì òkè, mo rí ọ,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*
Wá ibòmíràn bà sí o,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, tẹ̀ ẹ́.*

Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń fi fóònù ṣe, àlọ́ ì bá tán síbí. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gà wà.

Ẹ̀gà ni ẹnu ìlú. Ó pa ìtẹ́ ńlá kan sórí ọ̀pẹ, ó la yàrá sínú rẹ̀: yàrá ẹbí, yàrá ẹgbẹ́, yàrá ìjọ, yàrá àwọn òbí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí. Ẹ̀yin tí ẹ ní WhatsApp mọ irú ìtẹ́ tí mò ń wí, ẹ sì mọ iye yàrá tó ti sú yín tí ẹ kò lè jáde nínú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, Ẹ̀gà máa ń fò wá sí etí odò láti jíṣẹ́ fún Alákàn. Lọ́jọ́ kan ó ní òun kò ní wá mọ́. WhatsApp tòótọ́ náà ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n kéde rẹ̀ ní 2016, wọ́n sún un síwájú, nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2017, wọ́n fi BlackBerry sílẹ̀.

Alákàn ní, "Ẹ̀gà, kí ni mo ṣe?"

"Ẹ kò ṣe nǹkan kan, Akọ̀wé. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù lápá ibí ni. Ṣé nítorí ẹnì kan ni n ó ṣe máa fò láti orí ọ̀pẹ wá sí etí omi?"

Alákàn lọ bá Àgbò. "Kí ló dé tí ẹ fi BlackBerry sílẹ̀ ná?"

"Ẹ̀gà kì í débẹ̀."

"Nígbà tí ẹ ń lọ, Ẹ̀gà ṣì ń débẹ̀."

Àgbò ronú, ó fi ìwo họ ilẹ̀. "A mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí kò fi ní máa débẹ̀ mọ́."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ìjàpá."

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí, nítorí níbí ni fóònù ti ń kú, kì í ṣe nídìí bọ́tìnnì. Ẹni tó ń ṣe áàpù ń wo ibi tí èrò wà, èrò ń wo ibi tí áàpù wà, kò sì sí ẹni tó bi fóònù fúnra rẹ̀ pé ṣé iṣẹ́ ń lọ. Àwọn ará Waterloo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2014 wọ́n gbé ìsọ̀ áàpù Amazon wọnú BlackBerry kí àwọn áàpù tí wọ́n ṣe fún Android lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Àlejò tó bá ń jẹ oúnjẹ ilé kejì lọ́dọ̀ rẹ lójoojúmọ́, ọjọ́ kan yóò kúkú kó lọ síbẹ̀. Owó pàápàá kò ra èrò padà. Microsoft ra ẹ̀ka fóònù Nokia ní 2014 ní owó tó lé ní bílíọ̀nù méje dọ́là nítorí Windows Phone tirẹ̀. Nígbà tó di 2015, ó kéde àdánù bílíọ̀nù 7.6. Èrò kò wọlé, áàpù kò wọlé.

N kò ní gbè sẹ́yìn Alákàn jù o. Nígbà tí ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ kú, inú ìtẹ́ Ẹ̀gà ni wọ́n kéde rẹ̀ sí, ọjọ́ ìsìnkú, àwọ̀ aṣọ ẹbí, iye tí wọ́n ń dá. Ọjọ́ kejì ìsìnkú ni Alákàn àti aya rẹ̀ dé. Wọ́n wọ aṣọ búlúù, wọ́n gbé àpò ìrẹsì lérí. Àwọn ọmọ ilé ń fọ ìkòkò. Àṣẹ́kù aṣọ àwọ̀ ewé tí gbogbo ìlú wọ̀ wà lórí okùn. Ọ̀pọ̀lọ́ wò wọ́n, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ káàbọ̀. Ẹran ti tán." Aya Alákàn kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní, "Baba Ọmọ, bọ́tìnnì yín dára, mo rí i. Kò gbé mi dé ibi ìsìnkú." Ẹjọ́ aya rẹ̀ nìyẹn, n kò rí èsì rẹ̀, Alákàn náà kò rí i. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń rán ọmọ rẹ̀ kékeré kí ó lọ dúró lábẹ́ ọ̀pẹ ní ìrọ̀lẹ́, kí ó gbọ́ ohun tí Ẹ̀gà ń wí. Bí ọmọ bá dé, ó ti gbàgbé ìdajì, èyí tó kù jẹ́ irọ́ tí àwọn ẹbí fi ránṣẹ́ síra wọn nípa ewé tó ń wo gbogbo àìsàn.

Ìjàpá ní tirẹ̀ kò sùn. Nígbà tí kò sí ẹni tó tún kù tí yóò ta gíláàsì fún, ó gbé àpótí ẹ̀yáwó sínú gíláàsì tó ti tà. Kò sí onígbọ̀wọ́, kò sí ìwé ilẹ̀, ṣáà tẹ "Mo gbà", owó dé. Ìwé àdéhùn wà níbẹ̀ o. Ó gùn, lẹ́tà rẹ̀ wẹ́. Inú rẹ̀ ni Ìjàpá kọ ọ́ sí pé òun láṣẹ láti ka orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù ayálówó. Ṣùgbọ́n imú ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹranko tí ojú rẹ̀ ń rí ohun tó wà lábẹ́ imú rẹ̀.

Ewúrẹ́ yá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá láti fi ra èèbù. Ọjọ́ méje ni Ìjàpá fún un. Ní ìdájí ọjọ́ kẹjọ, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri: "Ẹ bá wa sọ fún Ewúrẹ́ kó san owó olówó. Olè ni. Ẹ̀yin tó fi nọ́ńbà yín sílẹ̀ lẹ jẹ́ onígbọ̀wọ́ rẹ̀." Ó dé ọ̀dọ̀ àna rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ ọmọ rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ra ewé lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àgbò kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ti Àgbò dé.

Bí ẹ bá rò pé mo sọ àsọdùn, ẹ bi ẹni tó bá ti yá irú owó bẹ́ẹ̀ rí ní Nàìjíríà. Ọ̀ràn náà burú débi pé àjọ FCCPC, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ oníbàárà, gbé òfin jáde fún àwọn ayánilówó orí fóònù ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, Google náà sì pàṣẹ pé láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, áàpù ẹ̀yáwó kankan kò gbọdọ̀ ka nọ́ńbà àwọn ènìyàn oníbàárà mọ́. Ìlú ẹranko kò ní FCCPC. Kìnnìún ni wọ́n ní.

Wọ́n fẹ́ kọ ìwé ẹ̀sùn sí i. Ẹlẹ́dẹ̀ ní òun ó kọ ọ́, ó fi imú jà á láti ìdájí títí oòrùn fi kanrí, "Kábíyèsí" kò tíì pé. Ni gbogbo wọn bá tò lọ sí etí odò, ọrùn wọn ti wọ́ látàrí títẹ̀ba. Ewúrẹ́ ló ṣíwájú. "Baba Akọ̀wé, ẹ dákun, ẹ ṣàánú wa."

Alákàn yọ ojú kan síta, ó fi èkejì sílẹ̀ nínú ihò. "Ṣé ará oko lẹ ń wá?"

Kò sí ẹni tó fèsì. Ó ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sunkún, ó ń kọ ọ́:

Ewúrẹ́ yá owó èèbù,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*
Àna rẹ̀ gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*
Ìwé àdéhùn gùn bí odò,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*
Imú gbà, ojú kò kà á,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*
Kábíyèsí, ẹ gbà wá o,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, tẹ̀ ẹ́.*

Kí àwọn adìẹ tó wọlé, ìwé ti dé ààfin. Kìnnìún kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Ó ránṣẹ́ pe Ìjàpá. Ìjàpá wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó kó gbogbo gíláàsì náà síwájú ọba. "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ wo àmì imú wọn." Lóòótọ́, àmì imú wà lójú gíláàsì kọ̀ọ̀kan, roboto roboto. Wọ́n ń gbé e yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi kan ọ̀kan tí imú rẹ̀ tóbi ju ti gbogbo ìlú lọ, tí irun gọ̀gọ̀ pupa lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ìjòyè wo òrùlé. Kìnnìún ní kí wọ́n pa àpótí ẹ̀yáwó náà rẹ́ kíákíá, kí ẹnikẹ́ni má sì san kọ́bọ̀ mọ́, bẹ̀rẹ̀ láti orí ààfin. Ìjàpá pa á rẹ́ lójú gbogbo ayé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ṣí òmíràn ní orúkọ Yánníbo.

Wọ́n wá ń pe Alákàn ní ọlọ́gbọ́n, pé òun nìkan ni Ìjàpá kò rí mú. N kò bá wọn gbé e. Bí irú fóònù tirẹ̀ bá pọ̀ nílùú ni, Ìjàpá ì bá gbé àpótí tirẹ̀ dé etí odò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹnì kan ṣoṣo kò tó ọjà fún olè ni. Ohun tí Alákàn ní tí wọn kò ní ni pé fóònù rẹ̀ bá ọwọ́ rẹ̀ mu, ó sì ń fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ìyẹn náà tó o.

Ọjọ́ 4 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, Alákàn jí, ó fẹ́ pe Ìyálọ́jà. Ìpè kò lọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ kò lọ. Àwọn ará Waterloo ti kéde rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé láti ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́kẹ̀ lé BlackBerry tó ń lo ètò tiwọn fúnra wọn mọ́, ìbáà jẹ́ fún ìpè tàbí fún íntánẹ́ẹ̀tì. Bọ́tìnnì kò bàjẹ́. Kò sí èyí tó lẹ̀ nínú wọn. Àgbò sáré wá láti wá rẹ́rìn-ín, Alákàn sì jẹ́ kó rín in tán. Lẹ́yìn náà ó lọ ra fóònù tọ́ọ̀ṣì fún ìpè, ó gbé bébà àti bírò jáde fún ìwé àjọ, ó sì fi náírà díẹ̀ lé owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ó wá ku bí ọ̀rọ̀ ṣe parí. Nílé ayé àwa ènìyàn, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, wọ́n kéde nǹkan kan tí wọ́n pè ní Clicks: àpò tí wọ́n ń fi iPhone sí, tí ó ní bọ́tìnnì lẹ́tà nísàlẹ̀, dọ́là 139 fún èyí tó dínwó jù. Ṣé ẹ rò pé Ìjàpá kò gbọ́? Ọmọlanke rẹ̀ ti tún padà dé ọjà. Àpò oníbọ́tìnnì ló kún inú rẹ̀, owó ọ̀kan ju owó BlackBerry tí wọ́n kó dà sẹ́yìn ilé lọ, orin kan náà ló sì ń kọ, ó kàn yí i padà díẹ̀: onígíláàsì ti di ará àná. Wọ́n rà á tán kí oòrùn tó kúrò lórí. Ewúrẹ́ ta èèbù.

Nígbà tí wọ́n délé ni wọ́n rí i pé wọ́n ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fi èékánná wá lẹ́tà. Alákàn ti ṣí kíláàsì báyìí ní etí odò, gbogbo ọjọ́ ọjà, láti àárọ̀ di ọ̀sán. Àgbò jókòó sí ìlà iwájú, Ẹlẹ́dẹ̀ sì tún ilé ìwé náà bẹ̀rẹ̀ fún ìgbà kejì. Ẹ̀yin náà tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ, àyè ṣì wà. Kí ẹ mú owó lọ́wọ́ o, Alákàn kì í gba ti orí fóònù.